Ọmọ Alájọ

Kẹ̀kẹ́ Ráléè ni bàbá mi ń gùn,
Òjé dé Yemẹ̀tù, Yemẹ̀tù dé Òkè Àrẹ̀mọ,
káàdì nínú àpò, bírò lẹ́yìn etí.
Ó mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń wúkọ́.
Ó mọ ìyàwó tó ń dájọ tí ọkọ kò gbọ́,
ẹnu rẹ̀ kò sì já sí i.

Èmi náà ń bá wọn tọ́jú owó.
Àjà kẹrin ni mo wà, ní Ríńgì Róòdù,
ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí mi lẹ́yìn ọrùn
bí ẹni tó fẹ́ tọrọ nǹkan.
Oníbàárà wa lé ní mílíọ̀nù mẹ́sàn-án.
N kò mọ ojú ẹnì kan.

Kí n má purọ́ mọ́ wọn:
ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n kì í yẹ̀.
Kí àkùkọ tó kọ, fóònù á ti dún, owó oṣù á ti wọlé.
Nígbà tí ojú ìyá mi ṣókùnkùn
ilé iṣẹ́ ló san gbogbo owó ní UCH.
Wọ́n ṣí aṣọ kúrò lójú rẹ̀,
ó wo yàrá yíká, ó ní,
“Ta ló kun ògiri yìí ní irú ọ̀dà báyìí?”
A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú tuntun náà.
Mo ti jẹ búrẹ́dì wọn. N kò ní pè é ní òkúta.

Àmọ́ owó kì í sùn,
ẹni tó ń ṣọ́ owó kò gbọdọ̀ sùn.
Aago méjì òru, ní Mọníyà, iná ti lọ,
jẹnẹrétọ̀ tí mo fi owó ara mi rà ń hó,
ẹ̀fọn ń bá mi ka ìwé ẹ̀sùn.
Owó kúrò ní báńkì kan, kò dé èkejì.
Níbo ló wọ̀ sí lójú ọ̀nà?
Èmi ni wọ́n ń bi.

Wọ́n ní mo ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ náà.
Ìpín tí n kò lè tà, tí n kò lè fi yá nǹkan,
tí ó ń dàgbà lórí ìwé bí ọmọ aládùúgbò.
Ìbíyẹmí náà ní tirẹ̀.
Ọjọ́bọ̀ kan, ó ń jẹ mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́,
kọ̀ǹpútà rẹ̀ tì pa.
“A dúpẹ́ fún ipa tí o kó.”
Ṣíbí rẹ̀ ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi.

Bàbá Ràímì, káfíńtà, ló pè mí lóru kan.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, owó pákó, ti há.
Jẹ́síkà ni mo ń jẹ́ lórí fóònù.
Mo ka ohun tí wọ́n kọ fún wa:
ẹ má bínú, ẹ ní sùúrù, wákàtí méjìlélàádọ́rin.
Ó ní, “Jẹ́síkà, láyé àtijọ́,
bí owó bá há lọ́wọ́ alájọ,
a ó lọ sílé rẹ̀, a ó jókòó.
Ibo ni ilé tiyín?”

Mo rántí bẹ́ǹṣì iwájú ilé wa,
bí ìdí àwọn ènìyàn ṣe sọ ọ́ di dídán.

Ọjọ́ kẹjọ, owó rẹ̀ padà fúnra rẹ̀,
bí ewúrẹ́ tó jẹko lọ. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.
Mo fi fóònù ara mi pè é, ohun tí òfin kọ̀.
Mo ní, “Bàbá, èmi kì í ṣe Jẹ́síkà.
Ọmọ Òjélàdé ni mí, alájọ oníkẹ̀kẹ́, ní Òjé.”

Ó dákẹ́ pẹ́. Mo ń retí àdúrà.
Ó ní, “Òjélàdé?
Náírà mẹ́rin mi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.”